"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́": ta ló fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́?

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti gbọ́ òwe yìí gbẹ̀yìn. Agboolé kan ni, l'Ábẹ́òkúta níbí, wọ́n pèpàdé ẹbí torí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé ló fipá bá a lò pọ̀, kò tíì pé ọjọ́ méjì. Ìyá ọmọ jókòó síbi ògiri, kò fọhùn. Bàbá kan wá túnra mú, ó ní "ẹ̀yin ọmọ mi, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́", kí bọ̀ọ̀dá yẹn dọ̀bálẹ̀, kó sanwó ìtọ́jú, kó tán síbẹ̀. Gbogbo ilé mirí. Èmi náà mirí o, mi ò ní purọ́, ojú ṣì ń tì mí dòní.

Òwe yẹn ò ṣẹ̀ ṣá. Àwọn tó pa á mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ: ààlà ilẹ̀, gbèsè, ogún bàbá, ẹni méjì tó ti jọ jẹun tí wọ́n ṣì máa pàdé lọ́jà lọ́la. Ọ̀rẹ́ ló ń ṣọ́. Èwo ni tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó fipá mú ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀? Òwe mìíràn wà tó bá a mu jù, pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìpàdé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, ẹni tó ṣu ni wọ́n ń bá wá bó ṣe máa gbàgbé.

Ẹjọ́ ọ̀hún gan-an kì í ṣe tẹbí, ìjọba ló ni ín. Òfin tí wọ́n ń pè ní VAPP, èyí tó ń dènà ìwà ipá sí èèyàn, jáde l'Ábùjá ní 2015, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tiẹ̀ ní 2017. Nínú ti 2015, ẹ̀wọ̀n gbére wà fún ẹni tó bá fipá báni lò, tó bá jẹ́ wọ́n pọ̀ tí wọ́n ṣe é kò lè dín lọ́dún 20, kò sì sí pé wọ́n ń san fáìn. Kò sọ pé obìnrin nìkan ni wọ́n lè ṣe é sí o, ọmọkùnrin náà wà níbẹ̀. Owó "ká bò ó mọ́lẹ̀" ńkọ́? Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tá à ń lò ní Gúúsù, ẹni tó bá gbowó kó lè fi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́, òun alára lè fẹ̀wọ̀n ọdún 7 jura. Mo rò pé bàbá wa ò mọ èyí. Lọ́yà ọ̀fẹ́ sì wà, Legal Aid Council tìjọba, FIDA táwọn lọ́yà obìnrin. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á bi ọmọ wọn ní kóòtù iye ọkùnrin tó ti mọ̀, òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í àfi tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i.

Òwe tí ǹ bá fẹ́ kí bàbá yẹn pa ni pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹkún wà lójú lóòótọ́ àmọ́ wákàtí 72 ò dúró de ìpàdé. Inú wákàtí 72 yẹn ni ẹni tí wọ́n fipá bá lò ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn PEP tó ń dènà HIV, bó bá ṣe tètè yá tó ló ṣe dáa tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń lò ó, kó má dá a dúró. Èyí tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí dọjọ́ 5, àmọ́ kí ló dé téèyàn á fi dúró dìgbà náà. Nǹkan tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kéèyàn wẹ̀, kó fọ aṣọ, kó tiẹ̀ dáná sun ún, ó yé mi, ṣùgbọ́n tó bá ṣeé ṣe kó má tíì wẹ̀, kó kó aṣọ náà sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá o, ọ̀rá á jẹ́ kó làágùn kó sì bàjẹ́. Tó bá ti wẹ̀ ńkọ́? Kó ṣì lọ jàre. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ìdí-Abà, wà, jẹ́nẹ́rà Ìjàyè wà, kò sì dìgbà tí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀, òfin ìlera 2014 ní wọn ò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tó bá sún mọ́ Èkó, Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò, wà ní ilé ìwòsàn LASUTH n'Ìkejà láti 2013, ọ̀fẹ́ ni, dọ́kítà àti olùgbani-nímọ̀ràn lábẹ́ òrùlé kan.

Ti ọkàn ló wá le jù. "Kí ló dé tí o ò pariwo?" Ẹ má bi í. Ara èèyàn lè dì gbagidi, kóhùn sá, kì í ṣe pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á máa rẹ́rìn-ín, á máa ta àdìrẹ ẹ̀, lóru ni ò ní lè sùn, tí ilẹ̀kùn bá dún á fò dìde. "Mo gbà ẹ́ gbọ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ", ọ̀rọ̀ tó tó sọ nìyẹn, kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Tí ò bá rọlẹ̀, Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ, ò jìnnà sí wa. Mo mọ̀ pé ní ìlú yìí téèyàn bá ní "lọ Aro" ìjà ló ń wá, àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, àárín àwọn ará abúlé ló ní káwọn aláìsàn máa gbé kí wọ́n máa gbàtọ́jú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi láyé ṣì ń ti wọn mọ́lé. Ẹni tí wọ́n ṣe níkà tó lọ bá dọ́kítà ọpọlọ kì í ṣe wèrè.

Àwa Ẹ̀gbá tá à ń sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ará ìta gbọ́, ṣé àwọn ìyá wa ò jáde tako owó orí ní 1947 ni? Ara ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn agbowó-orí ń tú ọmọbìnrin síhòòhò wò bóyá ó ti tó sanwó. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́.

Ìyá ọmọ yẹn ò dúró dópin ìpàdé. Ó dìde, ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú àpò bébà lábíyá, ó fa ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, bàbá wa ṣì ń pòwe lọ́wọ́ nígbà tá a gbọ́ tí ọ̀kadà gbéra.