Ìpẹ́ ẹja nínú bísáàpù mi

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, inú ń bí mi o, tí mi ò bá sọ ọ́ síta mi ò ní lè sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti ọjà Wàǹdó, oòrùn ń ta wá lórí bí ẹni ń yan àgbàdo, la bá yà sílé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ibẹ̀ mọ́ o, ká sòótọ́, wọ́n nu tábìlì, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ weérí, ẹja gbóná janjan. Mo ní kí wọ́n fún mi ní bísáàpù (zobo), ẹ̀gbọ́n mi gba bíà, àwa méjèèjì la tún fẹnu ara wa sọ pé kí wọ́n fi glace, ìyẹn yìnyín, sí i dáadáa.

Mo mu tèmi dé ìdajì, yìnyín ń yọ́ lọ, mo wá rí nǹkan kan tó ń dán yinrin létí ife, mo rò pé ọ̀rá ni, mo fìka yọ ọ́. Ìpẹ́ ẹja! Ìpẹ́ ẹja nínú bísáàpù!

Mo dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ ò rí nǹkan. Odindi yìnyín gbàǹgbà lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé e, ọmọkùnrin kan ń fi ọmọ odó fọ́ ọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan lórí àpò yẹn, tó bá fọ́ tán á fọwọ́ lásán kó o sínú kúlà, ọwọ́ yẹn náà ló fi gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan tó wá ra omi, ó tún padà sídìí yìnyín. Inú kúlà ńkọ́? Ẹja tútù nísàlẹ̀, ìgò bíà láàárín, èyí tí wọ́n ń bù fún wa lókè.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wo nǹkan." Wọn ò tiẹ̀ dìde. "Ọmọ mi, ó ti dì, kòkòrò wo ló máa yè é nínú òtútù yẹn?"

Ta ló sọ fún yín pé òtútù ń pa kòkòrò? Ó ń mú un sùn ni! Ẹ tì í mọ́ fìrísà, kó tutù dé -18 °C, lóòótọ́ àwọn kan á kú, àmọ́ E. coli tó ń tinú ìgbẹ́ wá, Salmonella, ọ̀pọ̀ wọn wà níbẹ̀ digbí, kí yìnyín ṣáà yọ́ ni wọ́n ń retí. Kọlẹ́rà gan-an ń bá yìnyín wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní E. coli ẹyọ kan ò gbọdọ̀ sí nínú 100 mílílítà omi mímu, àwa ń fẹsẹ̀ tẹ tiwa mọ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan o, ní 2017 BBC gbé yìnyín àwọn ilé kọfí ńlá mẹ́ta yẹ̀ wò ní Ìlú Ọba, nínú 10 tí wọ́n bù níbì kan, 7 ló ní kòkòrò ìgbẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá yìí á gbá ọmọ létí tí ò bá fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ẹja. Ẹja tó ń lọ sínú epo gbígbóná! Yìnyín tí ò ní fojú kan iná, láti ilẹ̀ sẹ́nu ni, òun ni wọn ò kà sóúnjẹ. Èló ni síbí? Èló ni kúlà kejì, kí ẹja ní tiẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọtí inú bíà á pa á. Bíà tí ò pa òùngbẹ tán.

Wọ́n gba owó bísáàpù yẹn pé o, wọn ò yọ kọ́bọ̀. Ó yẹ kí n lọ sí Kétu láàárọ̀ Mọ́ńdè, ilé ìyàgbẹ́ ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹjọ kílẹ̀ tó mọ́. Mo po ṣúgà síbí kékeré 6 àti iyọ̀ ìdajì síbí kékeré sínú omi lítà kan, mo ń mu ún díẹ̀díẹ̀, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Àbúrò, ìwọ̀n iyọ̀ yẹn, síbí mélòó lo ní?"