Iye wákàtí tí awakọ̀ òfuurufú ti fò kì í ṣe òṣùwọ̀n ààbò

Ní oṣù Kejì ọdún 2009, bàálù Colgan 3407 já lulẹ̀ nítòsí ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn 50. Òfin tó tẹ̀lé e níbẹ̀ béèrè pé kí igbákejì awakọ̀ ti ní wákàtí 1,500 lójú òfuurufú kí ó tó lè gbé èrò, àyàfi ìwọ̀nba àwọn tí a dín in kù fún, èyí sì túbọ̀ fi dá ọ̀pọ̀ èèyàn lójú pé ibi tí wákàtí bá pọ̀ sí ni ààbò wà. Bẹ́ẹ̀, awakọ̀ méjèèjì tó wà nínú bàálù yẹn ló ti fò ju wákàtí 2,000 lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ kìlọ̀ pé eré bàálù ti lọ sílẹ̀ jù, ńṣe ni olórí awakọ̀ gbé imú bàálù sókè, nígbà tó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Àkọsílẹ̀ wákàtí kì í sọ ohun tí awakọ̀ fi wákàtí náà ṣe. Ẹni tó ń la òkun kọjá lè lo wákàtí mẹ́wàá, kí ẹ̀rọ máa darí bàálù fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ó sì gbé e balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Olórí awakọ̀ tó ń gbé Asiana 214 balẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 2013 ti ní ohun tó ju wákàtí 9,600 lọ, ṣùgbọ́n èyí tó lò nínú irú Boeing 777 tó ń wà lọ́jọ́ náà kò tó 50. Bàálù náà fi ìdí gbá ògiri etí omi kí ó tó dé ojú ọ̀nà, èèyàn mẹ́ta sì kú.

Èyí tó dùn mí jù ni ti United 173, tó jó epo tán nítòsí Portland ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, tí èèyàn 10 sì bá a lọ. Olórí awakọ̀ rẹ̀ ti fò ju wákàtí 27,000 lọ. Ẹsẹ̀ bàálù tó ń dà á láàmú ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀, àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò sì fi ìtẹnumọ́ sọ fún un pé ewu ti dé. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ pé kí ọ̀gá máa gba ìkìlọ̀, kí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ má sì bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yìí ti gba ẹ̀mí là ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí lọ.

Wákàtí wúlò, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Yúróòpù, ẹni tó ní nǹkan bíi 200 wákàtí lè di igbákejì awakọ̀ bàálù ńlá, bí ó bá ti yege nínú ẹ̀kọ́ tó le. Lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, òun àti ọ̀gá tó ti fò fún 20,000 wákàtí ni a jọ ń dán wò, a sì máa ń dá iná sẹ́ńjìnnì fún wọn nínú ẹ̀rọ ìdánrawò. Ẹni tí kò bá yege nínú wọn kò ní gbé èrò títí yóò fi tún un kọ́.