Ẹni tó ní kí wọ́n gé igbó Ọ̀ṣun

Ẹ gbà mí o. Kọ́rópe ni mo wọ̀ ní Ọlá-Ìyá láàárọ̀ àná. Bàbá tó jókòó tì mí sọ pé igbó Ọ̀ṣun ti gbalẹ̀ jù láàárín Òṣogbo, àfi kí wọ́n gé e, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi dé góńgó.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ rí." Láyé 1950 sí 1960, wọ́n ń gégi níbẹ̀, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n sì ń ta ilẹ̀. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó ará Ọ́sítíríà, wà lára àwọn tó yarí, àmọ́ òun nìkan kọ́. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Kàsálì Àkàngbé àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, agbẹ́gilére. (Ẹ tún orúkọ méjì yẹn kà kí ẹ tó bá mi jà lórí ẹ̀sìn.) Sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ ni wọ́n fi mọ ère sáàárín igi. Ta ló fẹ́ gbé àáké lọ síwájú ère tó ranjú mọ́ ọn? Ní 1965 ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 2005 àjọ UNESCO gba gbogbo igbó náà, hẹ́kítà 75, wọlé sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ọ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo mú ọmọ mi obìnrin lọ. Ọ̀bọ kan gúnwà sórí ère, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ bí onílé. Ọmọ tí kì í gbójú kúrò lára fóònù! Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ère náà. Ó tutù, nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù bò ó dé orúnkún. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó ti ń di igi ni?"

Mo ro gbogbo èyí fún bàbá yìí. Ó gbọ́ mi tán, kò jiyàn. Ìgbà tó fẹ́ sọ̀ ló di ilẹ̀kùn mú, ó ní: "O káre, ọmọ mi. Odò Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ wá ńkọ́, tí àwọn tó ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún ti sọ di pípọ́n bí omi àgbàrá? Ère wo ló gba ìyẹn sílẹ̀?"

Mo yanu. Awakọ̀ ní kí n mú owó òun wá.