Tó O Bá Ti Gbádùn Ẹ̀, O Ò Tíì Gbọ́ Ọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá olólùfẹ́ Radiohead jiyàn tẹ́ ò bá tíì jẹun, torí ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún kan láti Abingdon, nítòsí Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n jọ lọ síléèwé kan náà, wọ́n dá báǹdì sílẹ̀ ní 1985, àwo mẹ́sàn-án péré ni wọ́n sì ti gbé jáde látìgbà náà. Mẹ́sàn-án o! Àmọ́ àríyànjiyàn tó wà nídìí ẹ̀ ju ìjà ogún nílé olórogún lọ.

Èèwọ̀ àwọn olólùfẹ́ yìí ni Creep. Orin yẹn ló sọ báǹdì náà di èèyàn, 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta, kò tà, ìgbà tí wọ́n tún un gbé jáde lọ́dún kejì ló tó wọ ipò keje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí tajá-tẹran wá mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ náà ò ju ìyẹn lọ. Ìwọ ṣáà ní òun lo fẹ́ràn. Ẹnì kan á fọwọ́ gbá ẹ léjìká, á ní "kò burú, ibẹ̀ náà làwa ti bẹ̀rẹ̀." O ti gbọ́ tìẹ nìyẹn.

Tó o bá ní àwo The Bends lo fẹ́ràn, o ò tíì dàgbà. Tó o bá ní OK Computer ti 1997, wọ́n á ní o gbìyànjú, àmọ́ èyí táwọn oníwèé ìròyìn ń yìn lo lọ mú yẹn. Kid A ti ọdún 2000 sàn díẹ̀. Ìgbà yẹn ni bàbá kan tó ti dákẹ́ látàárọ̀ á wúkọ́, á ní Treefingers lòun fẹ́ràn jù. Treefingers! Orin tí ò lọ́rọ̀, tí ò nílù, gìtá Ed O'Brien, ọ̀kan lára àwọn márùn-ún yẹn, ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà gé wẹ́wẹ́ títí tí ò fi jọ gìtá mọ́, tó wá ń hùn ṣáá fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ọ̀gá ti dé.

In Rainbows ti 2007 wá ni kẹ́ ẹ gbọ́. Báǹdì ní kí kálukú san iye tó bá wù ú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àní ẹni tí ò bá fẹ́ san kó má san, ẹni tí ò sì san kọ́bọ̀ nígbà yẹn ló ń pariwo jù lónìí pé òun ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn olólùfẹ́ yìí tún ṣírò: ọdún mẹ́wàá ló wà láàárín ẹ̀ àti OK Computer, lẹ́tà mẹ́wàá ló wà nínú orúkọ àwo kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ló sì jáde, áà, àṣírí ti tú! Wọ́n wá kó àwo méjèèjì pọ̀, orin kan látinú èyí, orin kan látinú tọ̀hún, wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lẹ ìparí ọ̀kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, wọ́n dijú, wọ́n ń mi orí. Ta ló rán wọn níṣẹ́?

The King of Limbs dé ní 2011, orin mẹ́jọ, kò tó ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Wọ́n ní kò lè jẹ́ gbogbo ẹ̀ nìyẹn, pé apá kejì ń bọ̀, pé ọ̀rọ̀ kan nínú orin tó gbẹ̀yìn ló ta àwọn lólobó. Apá kejì dà?

Èyí tó wá dùn mí jù lọ́kàn nìyí. Thom Yorke, akọrin Radiohead, fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ pé ìgbà táwọn fẹ́ ṣe Amok, àwo tí báǹdì ẹ̀ kejì, Atoms for Peace, gbé jáde ní 2013, ilé Flea, tó ń ta gìtá báàsì nínú báǹdì kejì yẹn, làwọn lọ, àwọn mutí, àwọn sì ń gbọ́ Fẹlá mọ́jú. Ni ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ yìí bá gbọ́, ló bá pè mí, èmi tí wọ́n bí sínú ẹ̀, ló ń ṣàlàyé Fẹlá fún mi. Ó ní kí n fi Zombie bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé Zombie ni mo fẹ́ràn.