Kò sí géètì kankan ní 0.7V

Ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, tàbí kí ẹ dá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti láàbù bọ̀ dúró ní Yábàá, kí ẹ bi í bí dáyóòdù, ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Tí kò bá tíì pé 0.7V, iná ò lè kọjá. Tó bá ti pé báyìí, ó ṣí nìyẹn." Wọ́n ti sọ dáyóòdù di máígádì tó ń ka owó ọwọ́ àlejò kó tó ṣí géètì. Èmi ò gbà.

Mi ò ní irọ́ gbuu ni 0.7 o. Tó bá jẹ́ dáyóòdù sílíkọ́nì, tí iná inú rẹ̀ sì jẹ́ mílíámpù mélòó kan, ó súnmọ́ òótọ́, ó sì tó fún ìṣirò orí ahọ́n. Sísọ tí wọ́n sọ ọ́ di òfin ló bà á jẹ́.

Ẹ mú 1N4148 kan, àwọn kékeré onígíláàsì aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) 1kΩ, ẹ fún wọn ní 5V, kí ẹ wá gbé mítà lé dáyóòdù náà. Nǹkan bíi 0.65V ló máa hàn. Ẹ yọ 1kΩ, ẹ fi 10kΩ sí i: ó máa wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.55V. Tẹ́ ẹ bá fi 100kΩ sí i, ó di bíi 0.45V. Pẹ̀lú 1MΩ, ó di bíi 0.35V. Iná tó ń kọjá níbẹ̀ ò ju nǹkan bíi 4.6µA (máíkíróámpù, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílíámpù) lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ ó ń kọjá, ní ìdajì iye tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ pé. Máígádì dà?

(Iná yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá mítà kejì nítorí rẹ̀. Ẹ yọ fóltì dáyóòdù kúrò nínú 5V, kí ẹ fi rẹsísítọ̀ pín ìyókù. Ẹ má gbé mítà lé 1MΩ fúnra rẹ̀ o, torí 10MΩ ni ọ̀pọ̀ mítà onínọ́ńbà fúnra wọn, òun náà á bù mu nínú iná yẹn.)

Ohun tí àwọn nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé, nínú 1N4148 yìí, gbogbo bíi 0.1V tẹ́ ẹ bá fi kún un, iná á di ìlọ́po mẹ́wàá. William Shockley, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ti kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1949, kò sì sí 0.7 kankan nínú rẹ̀.

Ibo wá ni igun tí gbogbo ìwé ń yà, níbi tí ìlà iná ti dédé gòkè ní itòsí 0.7V, ti wá? Inú gíráàfù ni. Tẹ́ ẹ bá fi mílíámpù ṣe ìwọ̀n òkè, gbogbo iná kéékèèké yòókù á sùn sórí ìlà ìsàlẹ̀, ojú á rò pé òfo ni títí dé 0.6V. Ẹ fi máíkíróámpù ya àwọn nọ́ńbà kan náà, igun ọ̀hún á ṣí lọ sí itòsí 0.4V. Ẹ yà á sórí ìwé log, níbi tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìwọ̀n iná ti jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, igun á pòórá, ìlà gbọọrọ ló kù.

Ooru náà ń yí i padà. Ẹ fi ìka méjì di dáyóòdù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mú, kí ẹ máa wo mítà: nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn á máa rọra wálẹ̀, nǹkan bíi 2mV fún ìwọ̀n ooru kan. Tí NẸ́PÀ bá mú iná, tí jẹnẹrétọ̀ gbé bẹ́ǹṣì láì gbé AC, tí láàbù kúrò ní 22°C bọ́ sí 32°C, bíi 20mV ti lọ nìyẹn.

Ó tún máa ń ju 0.7 lọ. 1N4007, dáyóòdù mìíràn, tó bá ń gbé 1A lè dé 1.1V, ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Nínú bíríìjì (dáyóòdù mẹ́rin tó ń sọ iná NẸ́PÀ di irú tí bátìrì ń fúnni) tí dáyóòdù méjì ti ń gbé iná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ṣírò 1.4V lè pàdánù tó 2V, kó wá máa ṣe kàyéfì ohun tó ń gbóná.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn dáyóòdù tó ń bọ́ sínú garawa ìdọ̀tí láìṣẹ̀. Nǹkan bíi 1mA ni ọ̀pọ̀ mítà ń tì sínú dáyóòdù tẹ́ ẹ bá yí i síbi ìdánwò dáyóòdù, nítorí náà 1N4007 tó pé ṣáṣá lè fi bíi 0.55 hàn, Schottky (irú dáyóòdù tí fóltì rẹ̀ kéré) bíi 1N5819 a sì máa wà nítòsí 0.2. Ọmọ iṣẹ́ á wò ó, á ní, "Ọ̀gá, kò pé 0.7, ó ti bàjẹ́." Ó di ilẹ̀. Ẹ ra tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà ní Aláàbà, kí ẹ fi mítà kan náà wọn méjèèjì. Tí wọ́n bá súnmọ́ra, tí iná ò sì gba òdìkejì, kò sóhun tó ṣe é. Èyí tó bá fi 0.00 hàn níwá lẹ́yìn, tàbí OL (pé iná kankan ò kọjá) níwá lẹ́yìn, òun ló ti lọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò lára bọ́ọ̀dù o, torí àwọn nǹkan mìíràn tó so mọ́ ọn lè máa dá mítà lóhùn.