Ibà Ọjọ́ Kẹwàá

Láàárín àwa Yorùbá, ibà kì í ṣe ọ̀ràn tí à ń fìlù sí. Ara gbóná, ẹnu korò, ibà ni. Ewé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn eléwé ọmọ ní Ọjà Ọba, oògùn rẹ̀ wà ní kẹ́mísì àdúgbò, ẹni tí kò bá sì fẹ́ méjèèjì á daṣọ borí, á làágùn, á dìde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ìyá tàbí bàbá ti ń gba kímò (chemotherapy), oògùn tí wọ́n ń fà síni lára, nítorí jẹjẹrẹ, "ibà lásán ni" lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́.

A kò sọ àsọdùn. Oògùn kímò ń lépa gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ sí i. Jẹjẹrẹ ń yára pọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn, àmọ́ gbòǹgbò irun náà ń yára pọ̀, awọ inú ẹnu náà, àti mùdùnmúdùn inú egungun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ìdí nìyí tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń bó. Ti irun lojú ń rí; ti ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Bí a bá ka ọjọ́ tí wọ́n fa oògùn náà sí i lára ní ọjọ́ kìn-ín-ní, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún máa gòkè bọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kímò fi ń fi ọjọ́ 21 jìnnà síra.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kòkòrò tó ti ń gbé inú ìfun onítọ̀hún láti kékeré, tí kò ṣe é ní nǹkan kan rí, lè já wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí pé ọmọ ogun ò sí, ojú egbò lè má wú, ọyún sì lè má sí. Ìgbóná ara lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo. Láàárín wákàtí mélòó kan, ìfúnpá á já wálẹ̀, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Àgbàlagbà mìíràn ò tilẹ̀ ní gbóná: òtútù á mú un, á máa gbọ̀n, tàbí kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí. Dexamethasone, tí wọ́n sábà máa ń fún wọn nítorí èébì, tún lè bo ìgbóná náà mọ́lẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nílé. Ara màmá gbóná ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kẹwàá. Ọmọ fún un ní parasítámọ̀ méjì, ara rọ̀, gbogbo ilé sùn. Oògùn yẹn kò fọwọ́ kan kòkòrò kankan. Àmì ló pa. Láago méjì òru, ìgbóná padà dé, wọ́n tún fi méjì lé e. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n pe oníkẹ́mísì, ó sì gún abẹ́rẹ́ ibà sí ìdí ẹni tí ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti lè lọ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ibẹ̀ á wú, á dúdú, á di ilẹ̀kùn mìíràn fún kòkòrò. Àgbo ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń bá kímò wọ̀yá ìjà lọ́wọ́ la tún gbé ìkòkò kà lórí yẹn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ilé ìwòsàn, wákàtí méjìlá ti lọ, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan péré ló yẹ kí ó wà láàárín ìgbà tó wọlé àti ìgbà tí oògùn apakòkòrò (antibiotic) wọ iṣan rẹ̀.

A kò dá ọmọ lẹ́bi. Ta ló sọ fún un? Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ọ́, ní ẹnu ọ̀nà ni, ní Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹni tó wà nítòsí lọ́jọ́ náà, nígbà tí ẹni tó ń sùn ti màmá lóru ti lọ tò síbi tí wọ́n ti ń sanwó. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ dárúkọ: ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi orúkọ àìsàn náà pamọ́ fún òbí. Wọ́n á ní kókó ni, wọ́n á ní egbò inú ni. Bàbá tí wọ́n sọ fún pé kókó ló ń gbatọ́jú sí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ibà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé? Bó bá sì ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun ò lọ sí ọsibítù kankan lóru, ọmọ wo ló fẹ́ pàṣẹ fún un? Èrò tiwa ni pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún òbí, ní ohùn pẹ̀lẹ́, láti ẹnu dókítà, níwájú àgbà ẹbí kan. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe é ló máa jí ọmọ rẹ̀ lóru.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé ìwòsàn tó ń fún ènìyàn ní kímò ní Òṣogbo kò ju mẹ́ta lọ: káàdì kan, tẹmómítà kan, àti nọ́ńbà fóònù tí ẹnì kan máa gbé lóru. Kí iwájú káàdì náà jẹ́ Yorùbá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá wà fún ilé, kí ọmọ lè sọ pé, "Bàbá, dókítà ló kọ ọ́ síbí o," kí ọ̀rọ̀ sì tán. Gẹ̀ẹ́sì wà fún dókítà tí kò rí aláìsàn náà rí. Ọ̀pọ̀ ará Òṣogbo ló ń lọ gba kímò ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, tí wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Fáìlì wà ní Ìbàdàn, ibà wà ní Òṣogbo. Kí káàdì náà sọ orúkọ oògùn, ọjọ́ tí wọ́n fà á, àti pé ẹni yìí kò gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà.

Dókítà pàjáwìrì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Kò burú kí ó yẹ ibà wò, ibà gidi ṣì wà láàárín wa. Àmọ́ kí ó fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò, kí ó sì fi apakòkòrò sí iṣan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má dúró de èsì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ lọ sanwó káàdì ilé ìwòsàn ná. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kó jẹ́. Fáìnì ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló wà fún ẹni tó bá rú u. Òfin ọdún 2022 sì ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo wa. Bó bá jẹ́ dandan fún aráàlú láti wọlé, kí àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi apakòkòrò ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí sínú ohun tí yóò máa san.

Tẹmómítà kì í ṣe ohun tí a kàn ń fún ènìyàn gbé lọ sílé. Kí nọ́ọ̀sì fi lílo rẹ̀ han ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, kí onítọ̀hún sì ṣe é lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́ ahọ́n, kí màmá má tíì mu tíì tàbí omi tútù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹnu bá ti bó, abíyá ló kù: ẹ nu òógùn ibẹ̀, kí ẹnu irin náà wọ àárín kòtò abíyá gan-an, kó má yọ sẹ́yìn, kí ó fi apá mọ́ra títí tí á fi dún. Abíyá máa ń fi bí ìlàjì dígírì dín sí abẹ́ ahọ́n. Nítorí náà, 38 lábẹ́ ahọ́n tàbí 37.5 ní abíyá, ẹ pe nọ́ńbà náà, ẹ sì gbéra. Kí a má ti tẹmómítà bọ ìdí. Àárọ̀ àti alẹ́, láti ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, kí a wọ̀n ọ́n kí parasítámọ̀ kankan tó wọ ẹnu, kí a sì fi bírò kọ iye rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà ìjọ tàbí ti asalátù tó wà lára ògiri.

Àwọn ilé ìwòsàn á bèèrè pé owó dà. Tẹmómítà oníbátìrì kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kímò ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n á tún ní bí àwọn bá fi nọ́ńbà síta, àwọn ẹbí á máa pè nítorí gbogbo nǹkan. Kí wọ́n pè. Ìtọ̀ tó pupa lẹ́yìn doxorubicin, oògùn kímò aláwọ̀ pupa kan, ń kó jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ oògùn náà ni, kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ìpè ìṣẹ́jú kan á fọkàn wọn balẹ̀.

Ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ńlá ní ilé ìwòsàn LUTH, l'Ékòó. Ó yẹ kí irú ẹ̀rọ ìtànṣán (radiotherapy) tó wà níbẹ̀ sún mọ́ wa, nítorí ẹni tí wọ́n ní kó wá gba ìtànṣán ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò lè máa ti Òṣogbo wọkọ̀ gba Gbọ̀ngán àti Ìkirè lọ Ìbàdàn lójoojúmọ́. Ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Káàdì kò nílò iná mànàmáná, kò nílò ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí yóò gba kímò lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Kí àwọn ilé ìwòsàn tó ṣe tiwọn, ẹ̀yin ọmọ lè fi àjákù ìwé ṣe é lónìí: orúkọ oògùn, ọjọ́ tí wọ́n fà á, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, nọ́ńbà wọ́ọ̀dù, nọ́ńbà aládùúgbò tó ní mọ́tò tó sì gbà pé kí ẹ jí òun lóru. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá òbí yín.