“Ọdún Kòrónà kò sí nínú ìwé”: irọ́ tó ń kó oníṣòwò sí gbèsè

Láti Lagere dé Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ ṣáà dá ọ̀rọ̀ owó-orí sílẹ̀ láàárín oníṣòwò, ẹ ó gbọ́ ọ: “Ọdún Kòrónà kẹ̀? A ò tajà, a ò jèrè, ìjọba sì ti fi jì wá.” Apá àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́. Yàtọ̀ sí kónílé-ó-gbélé, ìyanṣẹ́lódì ASUU gbé OAU tì láti oṣù Kẹta 2020 títí wọ inú oṣù Kejìlá. Ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, tó ń se oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́, ta ni ì bá tà fún? “Ìjọba ti fi jì wá” ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Sísún ni ìjọba àpapọ̀ sún ọjọ́ síwájú lọ́dún náà. Owó VAT, ìyẹn owó-orí tó wà lórí ọjà, tó yẹ kó wọlé ní ọjọ́ 21 oṣù, wọ́n ní kó di ìparí oṣù. Wọ́n fi oṣù kan kún àsìkò tí kọ́ńpìnnì ní láti kó ìwé owó-orí wá, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tó tà àti èrè tó jẹ. Ẹni tó jẹ gbèsè àtẹ̀yìnwá, tó sì tètè san ojú owó, wọ́n bá a yọ ìtanràn àti èlé kúrò. Ojú owó fúnra ẹ̀ kò yẹ̀.

A mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Oṣù Kínní 2020 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìnáwó tó sọ pé kọ́ńpìnnì tí ọjà tó tà lọ́dún kò ju ₦25 mílíọ̀nù lọ kò ní san owó-orí lórí èrè. Kòrónà dé láìpẹ́ sígbà náà, àwọn èèyàn bá lẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Abala òfin yẹn kan náà ló sọ pé irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó máa kó ìwé wá lásìkò, àti pé ìtanràn wà fún ẹni tó bá pẹ́. Ẹni tí wọ́n ní kó má sanwó, wọn ò ní kó má mú ìwé wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó ń parí ọdún ní 31 oṣù Kejìlá, ìwé 2020 ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 30 oṣù Kẹfà 2021. Lábẹ́ òfin ìgbà yẹn, ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ₦25,000, oṣù kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀lé e ₦5,000. Tí ìwé bá wà nílẹ̀ fún ọgọ́ta oṣù, ó ti di ₦320,000 nìyẹn, fún ṣọ́ọ̀bù tí kò jẹ kọ́bọ̀ owó-orí! Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kínní 2026 tún le jù bẹ́ẹ̀: ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ pé orúkọ ìṣòwò lásán ló gbà ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ìṣòwò sílẹ̀, tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bá ṣe. Ìwé tiẹ̀ ń lọ sí iléeṣẹ́ agbowó-orí Ọ̀ṣun, ó sì gbọ́dọ̀ dé kí 31 oṣù Kẹta ọdún kọ̀ọ̀kan tó kọjá.

Èyí tó ń dùn wá jù ni pé ẹni tó pàdánù lọ́dún náà gan-an ni ìwé yẹn wúlò fún jù. Òfin gbà kí àdánù ọdún kan dín èrè ọdún tó ń bọ̀ kù. Ká ní kọ́ńpìnnì kan pàdánù ₦4 mílíọ̀nù ní 2020. Ní 2021, ọjà padà yá, ó ta ₦40 mílíọ̀nù, ó jèrè ₦5 mílíọ̀nù. Ìdá 20 nínú 100 ni owó-orí ẹ̀ nígbà náà, ìyẹn ₦1 mílíọ̀nù. Tí àdánù bá wà nínú ìwé, èrè tí wọ́n máa bu owó-orí lé ku ₦1 mílíọ̀nù, ₦200,000 ló máa san, láìka owó-orí ẹ̀kọ́ tó dúró lọ́tọ̀. Ẹni tí kò kó ìwé 2020 sílẹ̀ kò ní ohun tó máa nawọ́ sí, ₦800,000 sì ti lọ.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Agbowó-orí lè padà sẹ́yìn dé ọdún mẹ́fà. Tí jìbìtì bá wà níbẹ̀, kò sí gbèdéke. Sítétímẹ́ǹtì báǹkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́, torí pé lásìkò kónílé-ó-gbélé, àkáǹtì ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbowó ọjà. Gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n á kọ́kọ́ kà sí ọjà. Bí àpẹẹrẹ, ₦27.6 mílíọ̀nù wọ àkáǹtì lọ́dún 2020. Nínú ẹ̀, ₦2.4 mílíọ̀nù jẹ́ owó tí wọ́n yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦1.1 mílíọ̀nù jẹ́ owó tó ti àkáǹtì kan bọ́ sí èkejì, ₦900,000 jẹ́ àjọ tí wọ́n kó. Tí ẹ bá yọ wọ́n, ọjà gidi jẹ́ ₦23.2 mílíọ̀nù, ẹ kò kọjá ààlà ₦25 mílíọ̀nù tó wà nínú òfin ìgbà náà. Tí ẹ kò bá rí ìwé yọ wọ́n, ẹ ti kọjá, owó-orí èrè àti VAT ìdá 7.5 á sì jọ wọlé. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan lórí sítétímẹ́ǹtì: ta ló san án, kí ló wà fún. Kí ẹ so ìwé àdéhùn owó yíyá mọ́ ọn, àti káàdì alájọ.

Tí wọ́n bá fi iye kan ránṣẹ́ tí ẹ kò fara mọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti kọ̀wé tako ó. Kí ẹ kọ ìdí ẹ̀ àti iye tí ẹ gbà pé ẹ jẹ. Lílọ bẹ ọ̀gá kan lọ́fíìsì kì í ṣe ìtakò. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti kọjá, iye yẹn ti di gbèsè.

Òfin CAMA 2020, òfin tó ń darí kọ́ńpìnnì, yọ kọ́ńpìnnì kékeré kúrò nínú dandan pé kó gba ọ́dítọ̀. Kò yọ ọ́ kúrò nínú kíkọ ìwé owó o.

Irọ́ yìí kan náà ni wọ́n fi lé òṣìṣẹ́ lọ. Lábẹ́ òfin iṣẹ́, tí iṣẹ́ bá dá dúró nítorí ohun tó ju agbára ọ̀gá lọ, ó lè san owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré nìyẹn mọ, àfi tí ọ̀gá ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i kó gùn. “Má wulẹ̀ wá mọ́” lórí fóònù kò tó: ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó lo ọdún méjì sí márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ó bá jẹ́ pé èèyàn ti pọ̀ jù ni, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀ fún aṣojú òṣìṣẹ́, ẹni tó dé kẹ́yìn ló sì ń kọ́kọ́ lọ, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá dọ́gba. Ẹni tí ẹ san ìdajì owó oṣù fún, orí ìdajì tó gbà ni PAYE ẹ̀ wà, ìyẹn owó-orí tí ẹ ń yọ nínú owó oṣù ẹ̀. Ìwé tó fi hàn pé ìdajì ni ẹ san ni kó má sọnù.

Ẹ má fi risíìtì POS àti ti báǹkì sínú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ooru ń pa ọ̀rọ̀ orí wọn rẹ́, kó tó ọdún méjì ó lè ti di pépà funfun. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì wọn lọ́jọ́ tí ẹ gbà wọ́n.